Ẹ̀dà pákẹ́ẹ̀tì láti orí MikroTik: ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń dé Wireshark

wáyà_ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Rọ́tà MikroTik hEX ló wà ní ọ́fíìsì kan ní Ìgbógbó, Ìkòròdú. Ether1 ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ether2 ló lọ bá swíìṣì tí kọ̀ǹpútà 30 so mọ́, láptọ́ọ̀pù tí Wireshark (ètò tí a fi ń wo pákẹ́ẹ̀tì) wà lórí rẹ̀ wà ní ether5. Òfin tí mo kọ sínú mangle (apá kan nínú firewall) láti fi ẹ̀dà pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí láptọ́ọ̀pù náà nìyí: chain=forward, action=sniff-tzsp, sniff-target=192.168.88.10, sniff-target-port=37008. Bí ẹnì kan bá ṣí fídíò, pákẹ́ẹ̀tì mélòó kan á wọlé, ló bá dákẹ́, fídíò sì ń lọ ní tiẹ̀. Ibo ni ìyókù ń gbà?

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ́ọ̀kì:
FastTrack ni, ọ̀nà àbùjá tí MikroTik fi ń mú pákẹ́ẹ̀tì yára. Nínú firewall tó máa ń bá MikroTik wá, òfin fasttrack-connection wà lórí forward. Ìsopọ̀ tó bá ti di established (tó ti fìdí múlẹ̀) á fo mangle kọjá, òfin yín ò sì ní rí i mọ́. Ẹ pa òfin FastTrack náà, kí ẹ sì nu ohun tó wà nínú Connections, tàbí kí ẹ pa rọ́tà kí ẹ tún un tàn, torí èyí tó ti wọ FastTrack kò ní tètè jáde. CPU á gòkè o.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣọ́, ẹ má pa á. Ká ní 192.168.88.35 ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ẹ fi src-address=!192.168.88.35 àti dst-address=!192.168.88.35 sórí òfin FastTrack náà. Méjèèjì ni o! Bí ẹ bá kọ src nìkan, èsì tó ń bọ̀ láti ìta á bá òfin mu, á sì wọ́ gbogbo ìsopọ̀ náà padà sínú FastTrack.

sábó_swíìṣì:
Èmi ò ní fi mangle ṣe é rárá. Swíìṣì inú hEX lè ṣe ẹ̀dà fúnra rẹ̀, CPU ò ní mọ̀ sí i:

/interface ethernet switch set switch1 mirror-source=ether2 mirror-target=ether5

Ẹ yọ ether5 kúrò nínú bridge (ìdìpọ̀ tó so àwọn pọ́ọ̀tù pọ̀). Ẹ̀dà yìí kò wọ ẹ̀wù TZSP (èyí tí sniff-tzsp fi ń wé pákẹ́ẹ̀tì), ẹ má wá 37008 nínú Wireshark. Àlọ àti àbọ̀ ether2 ló ń rọ́ sínú ether5 kan ṣoṣo: bí méjèèjì bá kún, 2 Gbps ò lè gba inú 1 Gbps kọjá, èyí tó ṣẹ́kù á já dànù. Ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà 30 yẹn bá ń bá ara wọn sọ lórí swíìṣì òde kò ní dé rọ́tà, ẹ kò lè rí i.

wáyà_ìgbógbó:
Ẹ ṣé gan-an. Bí mo bá fẹ́ tọ́jú àwọn ẹ̀dà náà sínú fáìlì ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Nẹ́tíwọ́ọ̀kì:
100 Mbps fún wákàtí kan jẹ́ 45 GB, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. `tcpdump -i eth0 -s 128 -C 500 -W 20 -w eda.pcap` á kọ ọ́ sínú fáìlì 20, 500 MB lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní kọjá 10 GB. Èyí tó pẹ́ jù ni yóò máa kọ lé. Ṣùgbọ́n -s 128, tó ń mú báìtì 128 àkọ́kọ́ nìkan nínú pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, á gé orúkọ sáìtì inú TLS (ìpamọ́ tí HTTPS ń lò) kúrò. Bí orúkọ lẹ ń wá, ẹ jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì wà ní kíkún. Àkóónú HTTPS fúnra rẹ̀, ẹ kò ní rí i kà. Tí iná bá lọ tó sì dé, mirror (ẹ̀dà inú swíìṣì yẹn) á padà fúnra rẹ̀, tcpdump kò ní padà àfi bí ẹ bá sọ ọ́ di service tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ ń ṣọ́ ọ. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà nílẹ̀.