Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka criminal justice ní career college l'Ámẹ́ríkà, ẹ wá sọ tojú yín

Baba Ìyanu, Chicago:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àbúrò kan kọ̀wé sí mi lánàá pé òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún criminal justice (ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ọlọ́pàá, kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n) ní ọ̀kan nínú àwọn career college, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń kọ́ni níṣẹ́, tó máa ń lẹ ìpolówó mọ́ inú ọkọ̀ ojú irin. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn. Mo ní dípò kí n sọ ọ́ fún un ní kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ.

2009 ni mo bẹ̀rẹ̀ tèmi. Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn. Ọjọ́ Ajé ni mo pe nọ́ńbà tó wà lára ìpolówó. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, obìnrin tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwòrán ọkọ̀ ọlọ́pàá ló kún ara ògiri. Mo bi í pé ṣé ọlọ́pàá Chicago á gba ìwé-ẹ̀rí yìí lọ́wọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ni wọ́n tún ń wá?" Ẹ wò ó dáadáa o, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn olùkọ́. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ wa ní ìwádìí ọ̀ràn, ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún dọ́ba. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹjọ́ Gideon ti 1963 ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ámẹ́ríkà, pé tálákà tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn, tí kò lówó lọ́yà, ìjọba ló máa wá lọ́yà fún un. Ó kọ́ wa ní ti ẹjọ́ Miranda, 1966: kí ọlọ́pàá tó máa da ìbéèrè bo ẹni tó wà ní àhámọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́. Èmi tí mo ti sùn sẹ́yìn káńtà rí n'Íbàdàn nítorí pé mo dúró níbi tí àwọn kan ti ń jà, mo kàn ń mi orí.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ká ṣe bí ẹni ń fọ̀rọ̀ wá afurasí lẹ́nu wò. Èmi ni olè. Ó jókòó síwájú mi, ó ń bi mí léèrè, mo dorí kodò, mò ń dáhùn jẹ́jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, gbogbo wọn pátá ló kọ ọ́ pé irọ́ ni mò ń pa, torí mi ò wo ojú rẹ̀. Mo nawọ́. Mo ní, "Sà, nílé wa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró nígbà tí wọ́n bá ń bá a wí, ìgbájú ni yóò fi gbà." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ogún ọdún lòun fi kọ ọ́ sínú ìwé pé "kò wò mí lójú."

Ti ìtẹ̀ka wá ńkọ́! Kálukú di ife gíláàsì mú, a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ́n àtíkè dúdú sí i, a fi téèpù gbé ìlà ìka kúrò sórí páálí funfun. Ti àwọn tó kù yọ kedere. Tèmi, fúnfun báláú. Omi gbígbóná àti hypo ilé ìdáná ti fọ ìlà ọwọ́ mi lọ. Bàbá náà ní kí n má fi ibi tí mò ń ṣiṣẹ́ han olè kankan.

Gbèsè $31,000 ni mo fi ṣetán ní 2011. Mo kó ìwé mi lọ sí yunifásítì ìjọba kí n lè ka iyókù, wọ́n ní àwọn ò gba credit (ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí mo ti kà) kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìfọwọ́sí (accreditation, ti àwọn ẹgbẹ́ tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò) tí ilé-ẹ̀kọ́ mi ní, "national" ni. "Regional" ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ gbà mí o, ta ni yóò mọ̀ pé ti agbègbè lágbára ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ? Àwọn ọlọ́pàá náà tún sọ ohun kan náà fún mi.

Ní 2012, Lisa Madigan, agbẹjọ́rò àgbà fún Illinois nígbà náà, pe Westwood College lẹ́jọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, lórí àwọn tó ka criminal justice. Ibẹ̀ kọ́ ni mo lọ o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìròyìn náà, ara mi bù máṣọ. Ní 2015 ni wọ́n parí ẹ̀, Westwood gbà láti fagi lé gbèsè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó mílíọ̀nù 15 dọ́là.

Iṣẹ́ sikiọ́rítì ni mo padà rí. Káàdì PERC (ìwé àṣẹ iṣẹ́ sikiọ́rítì ní Illinois), ẹ̀kọ́ wákàtí 20, ó parí. Ẹni tá a jọ ń ṣọ́ géètì ò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gba káàdì ọ̀hún pàápàá, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá Ṣadé, Houston:

Tèmi ò gùn. Green card ni mo fi wọlé. Ọdún kan gbáko ni mo ti kà kí ẹni tó ń gba èèyàn sí akádẹ́mì ọlọ́pàá tó bi mí bóyá mo ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Mo ní rárá. Ó ti fáìlì pa. Ẹ sì mọ̀ pé lẹ́yìn green card, ọdún márùn-ún ni púpọ̀ nínú wa ń dúró kó tó lè kọ̀wé béèrè. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń gba owó mi. Àti pé digírì kì í sọ èèyàn di ọlọ́pàá ní Texas, akádẹ́mì ló ń ṣe é.

Ọmọ Ọ̀ffà, Baltimore:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Èmi ti ń ṣe wọ́dà kí n tó lọ. Ìgbéga ni mo ń wá, ọ̀gá mi ò sì bèèrè irú ìfọwọ́sí tó wà lẹ́yìn ìwé. Alẹ́ nìkan ni mo ráyè, community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ládùúgbò) tó súnmọ́ mi ò sì ní kíláàsì alẹ́ nígbà yẹn. Ohun tó tún ràn mí lọ́wọ́ jù ni bí wọ́n ṣe ń kọ ìjábọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, màá kọ ọ́ pé "ẹlẹ́wọ̀n náà fẹ́ jà." Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó kọ síbẹ̀ pé: kí lo rí? Ní báyìí, màá kọ ọ́ pé ó dìde, ó gbé ife sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ju omi inú rẹ̀ lu ilẹ̀kùn. Ìwé yẹn ni lọ́yà wá kà sétígbọ̀ọ́ mi ní kóòtù, kò rí ibi tó máa dì mú. Ṣùgbọ́n owó yẹn wọ́n, mi ò jiyàn.

Àbúrò tó bèèrè:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo pe ibi tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lónìí. Wọ́n ní kí n fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sáwọn kí n tó san kọ́bọ̀. Obìnrin tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láti àárọ̀, mi ò tíì gbé e. Ẹ̀gbọ́n, ìka yín wá ńkọ́?

Baba Ìyanu, Chicago:

Ó ti hù padà látìgbà tí mo ti kúrò nídìí abọ́. Ó ku àtàǹpàkò òsì.