"Àgbọ́sọ" kọ́ o: lórí orúkọ àwọn ìlànà ìkọ́ni-lédè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó to orúkọ fún àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń kọ́ni lédè àjèjì látijọ́ títí dòní ṣiṣẹ́ gan-an, mo sì kí wọn, àmọ́ ibi tí wọ́n ti pe audio-lingual (ìyẹn kíkọ́ èdè nípa gbígbọ́ àti wíwí tẹ̀ lé tíṣà) ní "ìlànà àgbọ́sọ" yẹn ò ṣeé gbé mì rárá. Ta ló máa gbọ́ àgbọ́sọ tí ọkàn ẹ̀ ò ní lọ síbi ọ̀rọ̀ téèyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, tí ò ṣojú ẹ̀? Wọ́n ní à-, gbọ́ àti sọ ló wà ńbẹ̀, pé mọ́fíìmù ẹ̀, ìyẹn àwọn ègé tó ní ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀, pé. Ó pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbọ́sọ ti níṣẹ́ tiẹ̀ lẹ́nu wa, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì yẹn gan-an. Tíṣà á ní "je vais", gbogbo kíláàsì á ní "je vais", á ju "nous" sí wọn, wọ́n á dáhùn kíá pé "nous allons", wọ́n á máa wí i títí ẹnu á fi mọ́ ọn lára, tépù náà á tún máa pè é sí wọn létí, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé gírámà. Skinner, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, àtàwọn tó gbà pé àṣà tó mọ́ni lára ni èdè ló ti irú ẹ̀ lẹ́yìn, kó tó di pé Chomsky onímọ̀ èdè dojú ìjà kọ ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 1959. Àwítúnwí ni gbòǹgbò ẹ̀! Ìdí tí mo fi ní ká pè é ní "àgbọ́túnwí" nìyẹn. Tún yẹn ló gbé gbogbo ẹ̀ dúró, ohùn òkè ni o, kẹ́nì kan má kọ ọ́ ní "tùn".

Ẹni tó ní ká kúkú pè é ní "àkọ́sórí", tó ní òun ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà ju gbogbo wa lọ, ẹ jọ̀ọ́, pípẹ́ nídìí iṣẹ́ kọ́ la fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ṣebí àkọ́sórí náà ló wà nínú ìlànà gírámà-òun-ìtumọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ Látìn àti Gíríìkì, tí wọ́n tún wá gbé sórí Faransé àti Jámánì: ọmọ á há àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe sórí, á túmọ̀ odindi ojú ìwé, ẹni tó ni èdè á wá kí i, kò ní lè dá a lóhùn. Ohun tí onímọ̀ èdè kan, Viëtor, torí ẹ̀ pariwo ní Jámánì lọ́dún 1882 nìyẹn, pé látorí ọ̀rọ̀ ẹnu ló yẹ kí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀. Tá a bá wá ń pe méjèèjì ní àkọ́sórí, kí ló yí padà? Àwọn àgbà tó fún wa ní "ọ̀rọ̀-ìṣe" àti "ọ̀rọ̀-orúkọ" máa ń wo iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

"Ìlànà tààrà" fún irú ti ilé ẹ̀kọ́ èdè Berlitz, tí wọ́n ń fi èdè náà fúnra ẹ̀ kọ́ni láìtúmọ̀, kò láìfí. "Ìbánisọ̀rọ̀" fún èyí tó gbòde láti bíi 1970 síwá, tí wọ́n ń fi èdè bára wọn sọ̀rọ̀ gidi, mo gbà. Àmọ́ "èdè àjèjì" (foreign language) àti "èdè àkọ́kúntẹni" (second language) tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra yẹn, mi ò tíì gbà o, èdè téèyàn ń gbọ́ ní kíláàsì nìkan kì í ṣẹgbẹ́ èyí tí gbogbo ìgboro ń sọ sí i létí tọ̀sán-tòru.