Lexus GX 460 àbí Land Rover LR4 fún ọ̀nà oko?

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ jíìpù méjì ti tojú sú mi.

Kábà ni mò ń gbé, oko wa wà lẹ́yìn Ìsánlú. Bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbé táyà mì dé ìdajì. Bàbá mi, ẹni ọdún 74, kì í jẹ́ kí n dá lọ, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ń dùn wọ́n.

Tòkunbọ̀ 2012 ni méjèèjì, owó wọn ò jìnnà síra. Mo ti wà wọ́n wò. Bọ́tìnì kan ni mo tẹ̀ nínú LR4 tó fi rẹlẹ̀ kí Bàbá lè wọlé. Mo tún un tẹ̀, ó gbéra sókè. Bàbá ti yan tiwọn nìyẹn! Ti GX, ẹgbẹ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sí, èyí tí mi ò fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ìdí Toyota Prado ló jókòó lé, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ Prado níbí. Epo ò lè bá mi yàn án, V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) ni àwọn méjèèjì.

Mo bi mẹkáníìkì mi nípa LR4, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." Ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Lọ́kọ́ja ní Èkó lòun á ti bá mi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo LR4 lójú ọ̀nà ẹrẹ̀: ọdún mélòó ni rọ́bà afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀, èyí tó ń gbé e sókè tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, lò kó tó jò? Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi sípíríǹgì lásán rọ́pò rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kò sì bá a jà?