Ṣé háídrójìn la rí, àbí ariwo jẹnẹrétọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi fi páànù kan ìwo ńlá tó ń gba ìgbì rédíò, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ká lè gbọ́ gáàsì háídrójìn ojú ọ̀run ní 1420.4 MHz, ìyẹn ipò tí ìgbì rédíò rẹ̀ máa ń wà. Lóru àná, òkè kékeré kan yọ lórí ìlà tó ń fi agbára ìgbì hàn lójú kọ̀ǹpútà, níbẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọ ń fò fáyọ̀! Àmọ́ nígbà tí mo dojú ìwo kọlẹ̀, òkè náà kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ ni, kò lọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé òkè tó bá ti ojú ọ̀run wá máa ń sún díẹ̀ lórí ìlà náà bí a bá yíjú ìwo síbòmíràn, torí gáàsì náà ń rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ká gbé e lọ sétí ọ̀sà ni, àbí ká kọ́kọ́ tún wáyà ṣe? Mi ò fẹ́ fi irọ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.