Ta ló pe bọ́gà ní "agbẹ́ran-sísun"?

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. N ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí à ń wá fún bọ́gà, búrẹ́dì tí a há ìṣù ẹran lílọ̀ sí láàárín, rárá, àfi ìgbà tí mo rí i tí ẹ ń kí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjẹ̀bú-Igbó kú iṣẹ́ lórí "agbẹ́ran-sísun" tí wọ́n ní ká máa pe bọ́gà. Ẹ dákun, iṣẹ́ wo?

Ẹ pe "agbẹ́ran" sókè kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Ní agboolé tí wọ́n ti bí mi ní Ṣàgámù, bí ẹnìkan bá figbe ta lóru pé "Agbẹ́ran rè é o!", kò sẹ́ni tó máa gbé àwo jáde. Igi àti àdá ni wọ́n máa gbé. Ẹni tó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ, gbọ́mọgbọ́mọ ni à ń pè é. Ẹni tó gbé ẹran ẹlẹ́ran wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fi wé amóhùnmáwòrán, pé "a-" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Òótọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni amóhùnmáwòrán, ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Búrẹ́dì kò gbé nǹkan kan, àwa la há ẹran sí i láàárín. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe sí oúnjẹ, "à-" olóhùn ìsàlẹ̀ ni ẹnu àwọn àgbà máa ń lọ bá: àsun, àdàlú, àyangbẹ. Àmì kékeré orí lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára olè, ẹ̀gbọ́n sì fò ó.

Ẹ̀gbọ́n tún kọ "ẹran lílọ" láìfi àmì ìsàlẹ̀ sí ìparí "lílọ̀". Ẹran náà ń lọ síbo?

"Sísun" yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ kejì Iléyá tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ààrò onírin sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba, tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń yan lọ kí ọba, ku ọ̀la, àwọn regbérégbé ọkọ mi (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀) ń bọ̀ wá jẹun alẹ́, ẹran àgbò sì kún fírísà. Ọmọ náà ní bọ́gà ni òun máa fi ẹran àgbò náà ṣe. Mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Ó lọ ẹran mọ́ ọ̀rá, ẹran ìlọ́po mẹ́rin sí ọ̀rá kan, ó ní ẹran tí kò lọ́ràá á gbẹ bíi pákó. Kò fi iyọ̀ sí i nígbà tó ń pò ó. Ó ní iyọ̀ tó bá ti wọnú ẹran lílọ̀ á mú un ki pọ̀ bíi sọ́séèjì, ìgbà tó kù díẹ̀ kó dé orí iná ló tó wọ́n ọn sí i lára. Ó ṣù ú, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó wá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀, torí pé iná máa ń jẹ́ kí àárín wú bí ikùn ọmọ tó jẹ àjẹjù.

Arábìnrin tó mú "àtẹ̀yan" wá lọ́jọ́sí pé ká fi pe bọ́gà, ẹ gbọ́ èsì mi níbí. A tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó dé orí iná ni. Ẹni tó bá ń fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ lórí iná, omi ẹran ló ń fún dànù. Ọ̀rá á kán sórí èédú, iná á ru, ẹran á dúdú. Bí ẹ bá fi "tẹ̀" bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ohun tó ń ba oúnjẹ náà jẹ́ gan-an lẹ máa kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ ká wá bá "sun" wí. Iṣu là ń sun, àgbàdo là ń sun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó di bọ̀ọ̀lì là ń sun: ohun tó lè fara gbá iná, tí ojú rẹ̀ á jó, tí a ó ha á tàbí ká gbọ̀n eérú kúrò lára rẹ̀. Ẹja orí àwọ̀n irin, tí iná wà nísàlẹ̀ tí ooru rẹ̀ ń gòkè wá bá a, yíyan ni. Ẹran inú bọ́gà kò rí eérú sójú. Orí àwọ̀n ló dùbúlẹ̀ sí. Yan! Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé yan yìí náà ni àwọn regbérégbé ń yan lójú Ọba, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàṣìṣe, kó lọ gbé ohùn rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ó di ẹran tí a yàn. Tàbí kó gbé e sókè, kó fi ayán jẹ búrẹ́dì.

Ará Oǹdó kan á bi mí pé àsun ńkọ́. Awọ ewúrẹ́ àsun ni iná kọ́kọ́ ń bá jà kó tó kan ẹran, ibi tó yẹ kí sun wà náà ló wà. Súyà ni mi ò rí ibi fi sí. Àwọn tó ń ta á ní Sábó Ṣàgámù fi igi gún un, wọ́n fi dojú kọ iná, kò sí nínú eérú, kò sí lórí àwọ̀n. Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó dá orúkọ mìíràn fún súyà. Láti ẹnu àwọn Haúsá tó wá ra obì la ti gbọ́ ọ, a sì ń jẹ ẹ́ lọ.

Arákùnrin ará Ìpẹru tó ní ó yẹ kí ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú orúkọ náà torí "ham" (ẹran itan ẹlẹ́dẹ̀) tó bẹ̀rẹ̀ "hamburger", orúkọ bọ́gà lẹ́nu Òyìnbó: nígbà Iléyá? Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ìlú Hamburg ní Jámánì ló ni orúkọ náà, bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń jẹ́ orúkọ ìlú tiwa. Àwọn olóyìnbó fúnra wọn ló gé ọ̀rọ̀ náà níbi tí kò yẹ, tí "burger" fi dá dúró. Ẹ má bá wọn gé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ká máa pe àwọn nǹkan tí à ń jẹ mọ́ ọn ní "ẹ̀gbẹ́-oúnjẹ". Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àbí tòsì? "Kí lẹ fi jẹ ẹ́?" ni ìyá mi máa ń bi wá. "Fi" ti ṣe iṣẹ́ náà tán: a fi ẹ̀pà jẹ bọ̀ọ̀lì, a fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, kábéèjì tútù tí a fi ọtí kíkan pò la fi jẹ bọ́gà, torí ọ̀rá ẹran ń fẹ́ ohun tó kan. Àgbàdo sísun wà níbẹ̀ (ẹ rí i, sun). Ọ̀kan nínú àwọn regbérégbé ní ìkọ́kọrẹ́ lòun fẹ́ fi jẹ ẹ́. Mo dijú. Òmíràn po gàrí Ìjẹ̀bú sínú omi yìnyín, ó ń mu ún mọ́ ọn, mo sì tọ́ ọ wò: kíkan gàrí yẹn borí ti kábéèjì.

Àbá tèmi rèé. Ẹ fi bọ́gà sílẹ̀ bí a ṣe fi súyà àti búrẹ́dì sílẹ̀. Ìṣù ẹran àárín rẹ̀ nìkan ni kí a sọ lórúkọ. Àwọn àgbà ní àyangbẹ ajá dùn, kí la ó máa jẹ kí ajá tó gbẹ? Wọn ò pe àsungbẹ. Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra nínú rẹ̀: a yan án, ó wá gbẹ. Ẹran ti bọ́gà kì í dúró gbẹ ní tiẹ̀. Ọmọ wa fi òṣùwọ̀n ìgbóná gún àárín rẹ̀, bó ṣe dé ìwọ̀n 71 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló gbé e kúrò, torí ẹran tí a bá ti lọ̀, ìdọ̀tí ojú rẹ̀ ti wọ inú. A lọ̀ ọ́, a yan án: àlọ̀yan.

Ẹni tó kọ̀wé pé àwa ará Rẹ́mọ ò mọ àmì ohùn, ọdún 22 ni mo fi kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní àmì ohùn. Mo ṣì ń retí ìtọrọ àforíjì.

Mo pe àlọ̀yan sétí ìyá ọkọ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń jẹ bọ́gà lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ta ló pa àlọ́ tí ìwọ ń dáhùn?"