Onílé ní kí n fọwọ́ ara mi kánsù

Ìyá Ìbejì, Atlanta: Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi la fẹ́ lọ ṣe ní Houston, a ti búùkù ilé oníyàrá mẹ́rin lórí Airbnb, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba ilé fún ọjọ́ díẹ̀, ìyá ọkọ mi àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, fisà ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù, àfi bí onílé ṣe kọ̀wé lánàá pé páìpù bẹ́, pé kí n bá òun tẹ kánsù lọ́dọ̀ tèmi, gbogbo owó mi á padà. Ẹnu ẹ̀ dùn gan-an. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Manchester: Ìyàwó wa, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lórí ẹ̀! Tẹ́ ẹ bá fi lè tẹ kánsù pẹ́nrẹ́n, ohun tí Airbnb máa kọ sílẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ò wá mọ́, òfin tẹ́ ẹ gbà nígbà tẹ́ ẹ ń sanwó ni wọ́n á sì fi ṣírò ohun tó máa padà, ó lè jẹ́ ààbọ̀, ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ onílé ló tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń padà, tó fi dórí owó tí Airbnb fúnra wọn yọ. Ìdí tó fi ń bẹ̀ yín nìyẹn, torí ìtanràn ń bẹ fónílé tó bá kánsù: tó bá ku ju 30 ọjọ́ lọ kẹ́ ẹ wọlé, 10 nínú 100 owó náà ni, tó bá ti wọnú 30 ọjọ́, ó di 25, tó bá wá ku wákàtí 48, ìlàjì ni, kì í sì í dín ní dọ́là 50. Wọ́n á tún ti kàlẹ́ńdà ẹ̀ pa fún ọjọ́ yẹn, kò ní lè gbé e fẹ́lòmíì tó san jù yín lọ. (Èmi ò tiẹ̀ gba ti páìpù yẹn gbọ́.) Tó bá bẹ́ lóòótọ́, kó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n lè fojú fo ìtanràn fẹ́ni tó bá ní ẹ̀rí.

Ẹ kọ ọ́ sí i báyìí: "Èmi ò kánsù o, mo ṣì ń bọ̀. Tílé ò bá ṣeé gbé, ẹ kánsù lọ́dọ̀ yín." Inú áàpù ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Ìyá Ìbejì: Ó tún ti kọ̀wé o, ó ní òun á fi Zelle, èyí tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì ní Amẹ́ríkà, san án fún mi kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Manchester: Kó gbé Zelle ẹ̀ jókòó! Tọ́rọ̀ bá ti kúrò nínú áàpù, ta ló máa bá yín dá sí i? Ẹ pe Airbnb lónìí. Bó ṣe ku ọ̀sẹ̀ méjì yìí, tónílé bá kánsù, wọ́n máa bá yín wá ilé tó jọ ọ́ tó bá wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n dá owó padà. Ẹ má dúró dowó yẹn o, ó máa ń lo ọjọ́ díẹ̀ kó tó dé inú káàdì.

Àǹtí Dublin: Ẹ fi hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà kéèyàn kánsù lọ́fẹ̀ẹ́ di àyè mú ná. Ẹ wo fọ́tò ilé tuntun dáadáa torí orúnkún àwọn màmá, ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ yẹn, òkè ni gbogbo yàrá wà, ìdáná àti pálọ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà bóyá yàrá kan àti balùwẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ọmọ Takie, Leeds: Ẹ̀yin rẹ́ni fẹjọ́ sùn. Àwa tá à ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní Disẹ́ńbà ńkọ́? Éjẹ́ńtì orí WhatsApp gbowó shortlet, ilé tí wọ́n ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, lọ́wọ́ mi, ìgbà tó kù dẹ̀dẹ̀ ló ní ọmọ lánlọ́ọ̀dù ń bọ̀.

Àǹtí Dublin: Ẹ má san án tán láéláé. Kí ẹnì kan láti ilé lọ wo ibẹ̀ fúnra ẹ̀, kó bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ san díẹ̀, kí ìyókù di ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ déètì sórí rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé táwọn bá yẹ̀ ẹ́, gbogbo owó ló ń padà. Tó bá wá yẹ̀, Ìlọrin ò jìnnà, ẹ lè sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Tí wọ́n bá ní jẹnẹrétọ̀ wà, ẹ bèèrè ẹni tó ń ra epo sí i.