Mú un bọ̀ sípò: ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó ṣáájú nínú orúkọ tí à ń wá fún iṣẹ́ ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Àríyànjiyàn yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, torí iṣẹ́ tí à ń wá orúkọ fún gan-an ni ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Fún àǹfààní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀: ọ̀kan nínú wa ló béèrè pé, bí èèyàn bá gbé ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti kú, tó tú u palẹ̀ pátápátá, tó wá ń tò ó padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ni ká máa pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Àwọn ìdáhùn tó ti wá ni àtúnṣe, ìsọdọ̀tun, ìsọjí, àtúnbí, àtúntò àti ìmúpadàbọ̀sípò. Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rọ̀ fi gba orí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ, tó tún kan ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí á tó sọ ọ̀rọ̀ kankan di orúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lò ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe níwájú mẹkáníìkì tàbí wẹ́dà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá yé e, tó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìbéèrè ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti là á já nìyẹn. "Ì" tàbí "a" tí a ó fi síwájú rẹ̀ kò le. Púpọ̀ nínú àwọn àbá tí a dá jẹ́ orúkọ tí a kàn kó jọ látinú ìwé, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ti fi ṣe gbólóhùn rí.

Ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ni Land Rover Series III, irú èyí tí wọ́n ṣe láti 1971 títí di 1985. Ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ni èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé nílùú Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948. Irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi álúmínọ́ọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì fi irin ṣe ṣásí tó gbé e dúró. Àwọn àgbà láàárín wa mọ ọkọ̀ yìí dáadáa. Láyé ọjọ́un, òun ni àwọn ọlọ́pàá ń gùn, òun ni àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ń gbé wọ inú oko kòkó, iléeṣẹ́ Leyland tó wà n'Ìbàdàn nígbà náà sì to irú rẹ̀ pọ̀.

Mo mẹ́nu ba álúmínọ́ọ̀mù àti irin torí pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ iṣẹ́ náà wà. Ara ọkọ̀ yìí kì í dógùn-ún, àmọ́ ṣásí rẹ̀ ń dógùn-ún láti inú wá, torí ihò ló wà nínú irin náà, ẹrẹ̀ àti omi á sì há síbẹ̀. Ẹ lè rí Land Rover kan lójú títì tó rí gán-ún, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi hámà kan irin tó wà lẹ́yìn, kí hámà náà wọlé ṣìnkìn. Irin tí wọ́n fi ṣe ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé náà ń jẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ yìí dáadáa ní láti bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀, kó wo egbò abẹ́ rẹ̀ sàn, kó tó dá ara náà padà sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń yẹ àwọn àbá náà wò.

Àtúnṣe gbòòrò jù. Ẹni tó lẹ táyà ṣe àtúnṣe. Ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì Land Rover, ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,286 cc, tó sì gbé ẹ́ńjìnnì Toyota Hilux síbẹ̀, òun náà ṣe àtúnṣe, ọkọ̀ á sì máa lọ geere. Mi ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà, ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé kò gbọdọ̀ dúró dé àwọn alárìíwísí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń sọ nìyẹn.

Ìsọdọ̀tun ń ṣèlérí ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́. Ohun tí a sọ dọ̀tun ti di tuntun. Ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ di tuntun. Bí gbogbo ojú àpá rẹ̀ bá parẹ́, kí ló kù tí a ń fẹ́ràn?

Ìsọjí sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ. Àwọn mẹkáníìkì wa ń sọ lójoojúmọ́ pé ọkọ̀ kú, wọ́n sì ń sọ pé ó jí. Ẹni tó dá a lábàá pé ká gé e kúrú sí "jíjí ọkọ̀", ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Ohùn kan náà ni "jí" ti ẹni tó jí lójú oorun àti "jí" ti olè. Ẹni tó bá gbọ́ pé "mo jí Land Rover kan" kò ní ronú kan àtijọ́. "Sọ jí" bọ́ nínú ewu yẹn, ó sì kọjá ìdánwò mi, àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ẹ́ńjìnnì Series III le dáadáa, kì í kú bọ̀rọ̀. Ó lè jí lọ́jọ́ kejì tí ẹ gbé e dé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, kí ṣásí rẹ̀ ṣì jẹrà. Ọkọ̀ ti jí, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó mú àtúnbí wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì yẹ ká gbọ́ tirẹ̀. Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ Land Rover fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn Series I àtijọ́ (irú tó kọ́kọ́ jáde) jọ, wọ́n ń ṣe wọ́n ní Solihull fún títà, wọ́n sì pe ètò náà ní "Reborn". Ó ní bí àwọn tó ni ọkọ̀ bá lè pè é bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwa ò lè ṣe é. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni, ojú tí a fi ń wo àtúnbí yàtọ̀. Yàtọ̀ sí pé ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ọ̀rọ̀ náà tán, ẹni tó tún ayé wá nílẹ̀ Yorùbá kì í gbé ara àtijọ́ bọ̀. Babátúndé wọ ara ọmọ jòjòló. Ara àtijọ́ gan-an ni a sì ń dá sí lórí ọkọ̀ yìí.

Àtúntò ì bá wù mí, torí títú àti títò ni ọwọ́ wa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn olóṣèlú ló ti mú un lọ. Bí wọ́n bá ń pariwo àtúntò Nàìjíríà, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìlú má rí bó ṣe rí mọ́. Òdìkejì iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ó wá ku ìmúpadàbọ̀sípò. Ẹnu kò gbà á tán, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ yọ "padà" kúrò nínú rẹ̀, torí "bọ̀" ti sọ ohun tí "padà" fẹ́ sọ. Ìmúbọ̀sípò. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Aláìsàn tó gbádùn, a ní ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ẹni tí eegun rẹ̀ yẹ̀, oníṣègùn eegun á mú un bọ̀ sípò, kì í fún un ní eegun tuntun. Mo sọ ọ́ fún wẹ́dà tó ń bá mi ṣe ṣásí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ gé gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ bá mi mú un bọ̀ sípò ni." Kò bi mí pé kí ni mo wí. Ó ní, "Ipò wo? Ti ilé iṣẹ́, àbí bó ṣe wà kó tó kú?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tó yẹ. Àríyànjiyàn tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ń ṣe kárí ayé nìyẹn. Ọkọ̀ tó fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ nínú oko ti ní bẹ́ńṣì tí káfíńtà kàn sí i lẹ́yìn àti bọ́ńpà tí wọ́n jó mọ́ ọn ládùúgbò. Ṣé kí a yọ wọ́n torí pé wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́, àbí kí a fi wọ́n sílẹ̀ torí pé ìtàn rẹ̀ ni? Èmi ń fi bẹ́ńṣì náà sílẹ̀. Ẹlòmíràn lè yọ ọ́, ìmúbọ̀sípò náà ni yóò máa jẹ́, bó bá ti lè sọ ipò tó ní lọ́kàn.

Ní ti orúkọ ọkọ̀, "jíìpù" kò tó mọ́. Gbogbo ọkọ̀ gíga ni wọ́n ń pè ní jíìpù báyìí, títí kan èyí tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. "Ọkọ̀ aláìlọ́nà" tí ẹnì kan mú wá, òyìnbó ("off-road") ló wà lábẹ́ rẹ̀. Létí Yorùbá, ohun tí kò lọ́nà kò já sí nǹkan kan. Mo dá "ọkọ̀ alànà" lábàá, ọ̀nà kan náà tí a gbà rí ìlànà. Ibi tí kò sí ọ̀nà, ó la ọ̀nà, ó kọjá.

Orí ẹ̀yà ara rẹ̀ ni mo ti rò pé ká máa rọra ṣe. Ìjánu ti borí, kò sí ìjà ńbẹ̀: ohun tí a fi ń dá ẹṣin dúró la fi sọ ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ìwé ìròyìn sì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ìjánu ọkọ̀ já. Ó ní èrè mìíràn tí a kì í kà. Mẹkáníìkì ará Èkó ń sọ bíréèkì. Ará Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé lè mú "frein" lò. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ìjánu ni kò ní ṣì wọ́n lọ́nà. Ṣùgbọ́n "egungun ọkọ̀" fún ṣásí kò bá mi lára mu. Ọ̀pọ̀ wa ń fi fóònù kọ̀wé láìfi àmì ohùn sí i, egúngún tó ń jó lọ́jà lojú yóò kọ́kọ́ rí. Ẹ fi ṣásí sílẹ̀. Gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ gan-an ni ibi tí kò ti sí èyí tó yé èèyàn rárá. Nínú Series III, yàtọ̀ sí ọ̀pá gíá, ọ̀pá kan wà tí orí rẹ̀ pupa, òmíràn wà tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Lójú títì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ èyí tó jẹ́ yẹ́lò wọlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ẹ bá dá ọkọ̀ dúró, tí ẹ fa ọ̀pá pupa sẹ́yìn, gíá á wálẹ̀ sí èyí tó lọ́ra tó sì lágbára, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì jùmọ̀ fà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan yẹ́lò. Àbá tó wà nílẹ̀ ni "ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin", èyí tí kò yà á sọ́tọ̀, torí ọkọ̀ wo ni kò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin? Mo ní ká pè é ní ajùmọ̀fà. Àpótí tó ń pín ipá ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn, kó máa jẹ́ apínpá. Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ kan pé kó ṣí òìlì apínpá, ó wò mí, mo ní "èyí tó ń pín ipá", ó sì nawọ́ sí i láìṣìnà.

Mo fẹ́ tako "ọ̀gbẹ̀rì mẹkáníìkì" tí wọ́n ní ká máa pe irú wa tí kì í fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ọ̀gbẹ̀rì ni ẹni tí a kò tíì fi awo hàn. Ẹni tó mọ̀ pé sípánà 13 kò yẹ nọ́ọ̀tù Land Rover tó jẹ́ ìdajì íǹṣì, pé ìdajì íǹṣì jẹ́ mìlímítà 12.7, pé ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni yóò jẹ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tù náà títí yóò fi rí róbótó, tó sì ti da epo òyìnbó sí i láti alẹ́ àná kó lè tú wọ́ọ́rọ́wọ́, awo ni onítọ̀hún. Àbọ̀ọ̀ṣẹ́ náà kò bá a mu, torí owó wà nínú àbọ̀ọ̀ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa, àwa gan-an ni à ń náwó. Mẹkáníìkì afìfẹ́ṣe ni mo fara mọ́: à ń fi ìfẹ́ ṣe é.

Èyí tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí álúmínọ́ọ̀mù ti kan irin, tí omi sì wà láàárín wọn. Irin á dógùn-ún pupa. Álúmínọ́ọ̀mù á hu ìyẹ̀fun funfun, á sì máa rún. Ìpáàrà àti dógùn-ún, irin ni wọ́n wà fún. Ẹ bá mi bi àwọn tó ń da ìkòkò álúmínọ́ọ̀mù ládùúgbò yín: bí wọ́n bá fẹ́ yọ́ páànù àtijọ́ tó ti funfun bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n máa ń sọ pé ó ti ṣe? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ gbà lẹ́nu wọn wá.